Ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀ tó kọ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà: ìdáhùn fún ìyá àgbà kan ní Kàbà

Ìbéèrè: Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́ta àbọ̀. Ó ti tó oṣù méjì tó ti wà lọ́dọ̀ mi ní Kàbà, torí pé Àbújá ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Índómì, bísíkíìtì àti jùsì inú páálí nìkan ni ẹnu rẹ̀ mọ̀. Tí mo bá gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ̀wà ńkọ́, ńṣe ló máa ń tu ú dànù. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti nà án, mo tilẹ̀ ti dì í mú kí n lè fi ṣíbí ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àwọn aládùúgbò ní kí n fi ebi kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, okun o. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí ẹ tó ka ìyókù, ohun kan wà tí a bẹ̀ yín kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró láti òní lọ: dídì tí ẹ ń dì í mú. Ọmọ tó ń sunkún ń fa èémí sínú gidigidi, oúnjẹ tí wọ́n bá kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu lásìkò yẹn lè gba ọ̀nà èémí lọ dípò ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn ọmọ ti bá irú èyí lọ. Èyí tí kò tiẹ̀ débẹ̀, ohun tó ń kọ́ ọ ni pé ẹ̀fọ́ àti ìyà, ọgbọọgba ni wọ́n. Lọ́jọ́ tó bá ti rí àwo ẹ̀fọ́ lókèèrè, ara rẹ̀ á ti gbọ̀n kó tó tọ́ ọ wò rárá.

Ẹ má ṣe rò pé agídí lásán ló ń ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bí ní kílò 3 máa ń tó nǹkan bíi kílò 9 nígbà tó bá pé ọmọ ọdún kan. Lẹ́yìn tó bá ti pé ọdún méjì, bíi kílò 2 péré ni ara rẹ̀ ń fi kún un lọ́dọọdún. Ara tí kò sáré dàgbà mọ́ kò ní béèrè oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀ fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ díẹ̀ láìṣe àìsàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láàárín ọdún méjì sí mẹ́fà, ẹ̀rù oúnjẹ àjèjì máa ń ba ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó jọ pé ààbò ni Ẹlẹ́dàá fi síbẹ̀: ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ ń rìn káàkiri tó sì lè já ewékéwèé fi sẹ́nu. Ẹ wá fi ti ọmọ yín kún un. Ilé tuntun, ojú tuntun, ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, ọbẹ̀ tí kò rí rí. Índómì nìkan ló jọ ilé lójú rẹ̀.

Bí a ṣe máa pín iṣẹ́ náà rèé. Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ kan ní Amẹ́ríkà, ló pín in báyìí, kò sì sí ìpín mìíràn tó ti ràn wá lọ́wọ́ tó o. Àgbà ni yóò yan ohun tí wọ́n máa jẹ, ìgbà tí wọ́n máa jẹ ẹ́ àti ibi tí wọ́n ti máa jẹ ẹ́. Ọmọ ni yóò yan bóyá òun á jẹ, àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Nínú ohun tí ẹ kọ sí wa, ẹ̀yin ń ṣe iṣẹ́ ọmọ, ọmọ sì ń ṣe iṣẹ́ yín. Òun ló ń yan índómì. Ẹ̀yin lẹ ń yan iye tó máa gbé mì.

Nítorí náà, àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, ẹ̀fọ́ á tẹ̀ lé e. Ikùn ọmọ ọdún mẹ́ta kéré. Bísíkíìtì méjì ní agogo mọ́kànlá àti jùsì ní agogo méjìlá ti tó láti lé ebi ọ̀sán lọ. Páálí jùsì kékeré tó gba mílílítà 200 lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 20, ìyẹn ṣíbí tíì márùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé gíráàmù 25 ni kí ṣúgà àfikún ọmọ má kọjá lójúmọ́. Ẹni tó ti mu ìyẹn kò ní wo iyán lójú. Ẹ jẹ́ kó máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kó sì ní ìpápánu méjì láàárín wọn: oúnjẹ òwúrọ̀ ní agogo méje, ìpápánu ní mẹ́wàá, oúnjẹ ọ̀sán ní agogo kan, ìpápánu ní mẹ́rin, oúnjẹ alẹ́ kó tó di agogo méje àbọ̀. Láàárín àwọn àkókò wọ̀nyí, omi nìkan ni kí ẹ máa fún un. Tí ọjọ́ oko bá mú kí agogo yí díẹ̀, kò burú, bí wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta bá ṣáà wà láàárín oúnjẹ kan sí èkejì.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn àwọn aládùúgbò yín ti yàtọ̀ sí tiwa. Kí ẹ fi ebi pa á títí di ọjọ́ kejì kò dára, ọmọdé kò ní àpọ́jù nínú ara bí àgbà. Ṣùgbọ́n tó bá kọ oúnjẹ ọ̀sán, ẹ gbé àwo kúrò lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, láìbínú, láìsọ ohunkóhun ju “ó dáa, tó bá di agogo mẹ́rin a ó tún jẹun” lọ. Ẹ má lọ se índómì rọ́pò rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta kò lè pa á lára. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ló máa le jù. Á sunkún, á lọ́ mọ́ yín, ọkàn yín á sì fẹ́ rọ̀. Ẹ sọ fún gbogbo agboolé pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìbátan tó ń kọjá tó sì ń fi bísíkíìtì há ọmọ lọ́wọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́.

Àwo tirẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé àwo kan náà ni òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń jẹ nínú ẹ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò yá bíi ti ọmọ ọdún méje, ẹ̀yin náà kò sì ní mọ ohun tó jẹ. Ìdíwọ̀n tó rọrùn ni ṣíbí ìjẹun kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan: ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣíbí mẹ́ta nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Iyán rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìkúùkù ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ lọ. Tó bá béèrè sí i, ẹ fi kún un. Òkìtì iyán tí ọbẹ̀ kò tó ṣíbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní ilé wa. Ikùn á kún, ara kò ní rí ohun tó fi máa kọ́lé. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ àti ohun inú ọbẹ̀ tó ìdajì àwo.

Ẹja, ẹran àti ẹyin wà nínú ohun inú ọbẹ̀ yẹn. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin tàbí ẹran á di olè. Kò sí òótọ́ níbẹ̀, ìyá wa, ó sì ti fi ìyà jẹ ọmọ púpọ̀. Ọmọdé nílò wọn ju àgbà lọ torí òun ló ń dàgbà. Ẹyin kan lójúmọ́ kò pọ̀ jù fún un. Bí owó bá dí i, ẹ gún ẹja gbígbẹ tàbí edé kúnná, kí ẹ máa bu ṣíbí tíì méjì sí ọbẹ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹja odò Ọya tí wọ́n ń kó wá láti Lọ́kọ́ja ni, ẹ fi ìka yín wá egungun inú rẹ̀ tán kí ẹ tó fún un.

Ó wá kan ẹ̀fọ́. Ẹ bi ara yín léèrè ná: ṣé ẹ̀fọ́ ló ń sá fún ni, àbí ata? Ọbẹ̀ wa a máa ta, ẹnu ọmọ tí índómì ti mọ́ lára kò sì lè gbà á. Ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìkòkò kékeré kí ẹ tó da ata rodo sí ti ilé. Tátàsé àti tòmátì tó fún un. Ọmọ tí wọ́n ní kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́, àtìgbà tí ata ti kúrò níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò korò: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá. Ewúro lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀gúsí dára láti fi bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rá inú rẹ̀ máa ń bo adùn ewé mọ́lẹ̀. Ẹ gé tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀gúsí tó kúnná, díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú ọbẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ojú ewé. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ bu ìwọ̀n ṣíbí tíì kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ti mọ̀ tó sì fẹ́ràn. Ẹ jẹ tiyín níṣojú rẹ̀. Ẹ má sọ pé “jẹ ẹ́”. Tó bá fọwọ́ kàn án, ìgbésẹ̀ kan nìyẹn. Tó bá gbóòórùn rẹ̀, òmíràn nìyẹn. Tó bá fi sẹ́nu tó tu ú jáde, ó ti tọ́ ọ wò, ẹ má ṣe bá a wí. Ó lè gba ìgbà mẹ́jọ, ó lè gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó tó gbé e mì. Ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń dá a dúró, wọ́n á ní “tèmi kì í jẹ ẹ̀fọ́”, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n lójú ni.

Ẹ má sì ṣèlérí pé tó bá jẹ ẹ̀fọ́ ẹ ó fún un ní bísíkíìtì. Ìlérí yẹn ń sọ fún un pé ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́, bísíkíìtì ni owó iṣẹ́. Bákan náà ni fóònù tí wọ́n ń gbé síwájú ọmọ kó lè la ẹnu: ẹnu á là lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tó ń jẹ, kò sì ní mọ ìgbà tó yó.

Ní ti sísè rẹ̀, ẹ fọ ewé kí ẹ tó gé e. Èyí tí a gé tán tí a wá fi omi fún ti pàdánù púpọ̀ nínú oore rẹ̀ sínú omi tí a dànù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lórí iná ti tó tẹ̀tẹ̀. Ẹ fi epo pupa díẹ̀ sí i; láìsí ọ̀rá, ara kò lè gba fítámì A inú ewé dáadáa, epo náà sì ní tirẹ̀.

Ẹ̀wà tó ń tu dànù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èèpo rẹ̀ ló ń dí i lọ́fun. Ẹ ṣe é ní mọ́ínmọ́ín. Ife ẹ̀wà kan ni kí ẹ rẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ bó o, kí ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sí méjì, kí ẹ sì da omi náà nù, torí inú omi yẹn ni díẹ̀ nínú ohun tó ń fẹ́ ọmọ nínú ń lọ. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tátàsé kan àti ààbọ̀ àlùbọ́sà kékeré. Ẹ lu ẹyin kan sí i, ṣíbí ìjẹun méjì epo tàbí òróró, ṣíbí ìjẹun kan edé lílọ̀, iyọ̀ fín-ín-fín. Gbogbo omi tí ẹ máa lò, àti èyí tí ẹ fi lọ̀ ọ́, kò gbọ́dọ̀ ju ife kan lọ. Tí ẹ bá fi ṣíbí bù ú, kó máa ṣàn bí ògì gbígbóná tó ki. Ẹ pọ́n ọn kéékèèké sínú ewé, kó tó bí márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó wà lórí iná fún ogójì ìṣẹ́jú sí márùndínláàádọ́ta. Tó bá le bí òkúta, omi ló kéré. Tí kò bá dì, omi ló pọ̀ jù tàbí iná ló kú láàárín. Ọ̀kan kékeré ti tó o lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn mọ́ínmọ́ín, ẹ gé ọsàn fún un: irin tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n kì í wọ ara bọ̀rọ̀ àyàfi tí fítámì C bá tì í lẹ́yìn. Tíì àti kòkó mímu máa ń dí i lọ́nà, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

A kò ní kí ẹ lé índómì jáde lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ máa da ìdajì mágì inú rẹ̀ nìkan sí i, kí ẹ sì lu ẹyin sí i. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ gé ṣọkọ wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, kó wá di ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín bá yàn. Iyọ̀ inú mágì yẹn ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ilé tẹ́ lẹ́nu rẹ̀; bó ṣe ń dín kù ni ẹnu rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò.

Ògì òwúrọ̀ ńkọ́? Ògì bàbà lásán pẹ̀lú ṣúgà, omi àti ìyẹ̀fun ló pọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lọ ògì tuntun, ife bàbà mẹ́ta sí ife sóyà kan ni. Ẹ rẹ bàbà fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bí ẹ ti máa ń ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ̀ ọ́, ẹ se sóyà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó o, kí ẹ jọ lọ̀ wọ́n. Ẹ má lo sóyà tútù láìsè, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú. Tí kò bá sí sóyà, ṣíbí ìjẹun kan ẹ̀pà lílọ̀ nínú ife ògì kan dára. Ẹ ṣa ẹ̀pà tó bu tàbí tó rọ jọ kúrò kí ẹ tó lọ̀ ọ́, èbù náà ní májèlé tí sísè kì í pa.

Ìpápánu agogo mẹ́wàá àti mẹ́rin kò nílò owó púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn, ààbọ̀ ẹyin, wàrà sísè, iṣu sísè pẹ̀lú epo díẹ̀. Láti oṣù kejì lọ ni kajú máa ń pọ̀ ní Kàbà, Ìjùmú àti Yàgbà. Èso rẹ̀ ní fítámì C ju ọsàn lọ dáadáa. Torí pé ó máa ń há ọ̀fun, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kí ẹ fi omi iyọ̀ ṣàn án. Ẹ má jẹ́ kó fi eyín kan kóró rẹ̀ tútù, oje èèpo rẹ̀ máa ń bó ẹnu. Máńgòrò á tẹ̀ lé e. Ẹ̀pà odidi àti kóró kajú yíyan, ẹ pa á tì títí á fi pé ọdún márùn-ún, torí wọ́n rọrùn láti há ọ̀nà èémí. Ẹran pẹ̀lú, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Kó jókòó nígbàkígbà tó bá ń jẹun. Tó bá ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, mọ́ínmọ́ín kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú kúlà rẹ̀ tó, pẹ̀lú ike omi.

Ohun kan tí ẹ kò mẹ́nu bà: báwo ni ìgbẹ́ rẹ̀? Ọmọ tó ń jẹ índómì àti bísíkíìtì lójoojúmọ́ sábà máa ń ní inú kíkún, ìgbẹ́ rẹ̀ á le, á máa dùn ún, ẹni tí inú rẹ̀ kún kì í sì í fẹ́ jẹun. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbẹ́pẹ lójoojúmọ́ àti ife omi mẹ́rin láti àárọ̀ dé alẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó máa jókòó sórí póò lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Mílíìkì kò gbọ́dọ̀ ju ife méjì lọ lójúmọ́. Aràn náà ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Ẹ bi wọ́n ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí yín bóyá ó ti gba oògùn aràn àti fítámì A. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń fún ọmọ ní fítámì A títí á fi pé ọdún márùn-ún.

Níbẹ̀ náà, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fi okùn ìwọ̀n aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè, àwọ̀ ewé nìyẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Láti 11.5 sí 12.4, ó nílò àmójútó. Tí kò bá tó 11.5, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, kó má ṣe sun ilé kó tó rí dókítà. Ẹ gbé e lọ pẹ̀lú tó bá ń jẹ iyẹ̀pẹ̀ tàbí ẹfun, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tó bá ń wúkọ́ nígbàkígbà tó bá ń jẹun, tàbí tí kílò rẹ̀ kò bá kúrò lójú kan fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ ka àkókò oúnjẹ tuntun náà fún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àárò ọmọ rẹ̀ ló ń mú kó máa kó páálí bísíkíìtì àti jùsì wá nígbàkígbà tó bá ń bọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ sọ ohun tí ọmọ nílò fún un: àwo kékeré tí kò lè fọ́, ṣíbí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, ife kékeré, àti àpótí ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kan ilẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun. Tó bá dé, kó jókòó tì í, kí àwọn méjèèjì jọ jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ yín.